Ọwọ́ Tó Jáde Lẹ́yìn Ọmọ

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá iná ní ọsibítù, díẹ̀ ló kù kí n sá padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Sábó, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Haúsá. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé. Dókítà wa, òyìnbó gíga kan tó gbọ́ Haúsá dáadáa tí kò sì gbọ́ Yorùbá rárá, tan fìtílà ńlá kan, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró sì kún inú yàrá. Eyín rẹ̀ ń tàn. Èékánná mi ń tàn. Aṣọ funfun tí mo wọ̀ ń tàn bí ẹni pé òun nìkan ló dúró síbẹ̀, tí èmi tí mo wà nínú rẹ̀ ti lọ. Gidan aljanu ni àwọn aláìsàn ń pe yàrá náà, ilé àǹjọ̀nú, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò le. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú oòrùn tí ojú wa kì í rí, òun náà ló ń ti ara fìtílà yẹn jáde. A ń fi í wo egbò tó kọ̀ tí kò jinná, àti àwọn ọmọ tí egungun ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Èmi ni mò ń fi awò dúdú sí wọn lójú, tí mò ń ṣọ́ aago, tí mo sì ń pa iná kí ara tó jó. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í gbóná púpọ̀, ibi tó ti burú nìyẹn. Èèyàn lè jókòó sídìí rẹ̀ kó máa ṣàwàdà, ó di ọ̀la kó tó mọ̀ pé ó ti bu òun jẹ.

Nígbà ọyẹ́ kan ni Ràbíátù gbé ọmọ rẹ̀ wá. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ọmọ Ìlọrin ni, ọkọ rẹ̀, Yísá, sì ń ta aṣọ. Ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ìlọrin láti bá a wẹ ọmọ, bí ìyá ìyàwó ṣe máa ń ṣe. Arúgbó náà tẹ̀lé e wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn.

Ràbíátù bọ́ aṣọ ọmọ. Gbogbo irun ara mi dìde. Ọwọ́ èèyàn wà ní ẹ̀yìn ọmọ náà, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, ó dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ, ó sì hàn gedegbe. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò kò gùn tó àwọn yòókù. Ó dá ní àárín.

"Ta ló gbá a?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó gbá a, Àǹtí. A kàn jí, a rí i ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ ìyá mi."

Arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ ọ̀tún jáde. Àdá ti gé ìka yẹn gan-an dànù dé ìdajì nígbà tó wà lọ́mọdé.

Yísá ti pè é ní àjẹ́ lójú gbogbo agbo ilé. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e padà, òun yóò sì ránṣẹ́ sílé kí gbogbo ẹbí mọ ìdí rẹ̀. Inú bí mi sí Yísá, ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ìyá náà lójoojúmọ́! Ṣùgbọ́n ohun tí arúgbó náà sọ ló dẹ́rù bà mí jù.

"Ọmọ mi, bóyá èmi ni. Wọ́n ní ẹlòmíràn máa ń jáde lójú oorun tí kò ní mọ̀. Láti ìjẹta ni mi ò ti fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà ní Haúsá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ títí, ó wá ní kí n bi arúgbó náà pé kí ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó gbé ọmọ.

"Kò sí nǹkan kan o! Ṣé mo lè fi ọwọ́ ìdọ̀tí gbé ọmọ ni? Bí mo bá fọ ẹja tán, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo máa ń fún sọ́wọ́ kí òórùn ẹja lè lọ. Màá wá fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú lẹ́yìn, màá dà á dojú délẹ̀ sínú oòrùn, kí òtútù ọyẹ́ má baà mú un."

"Lemun tsami," ni mo pe ọsàn wẹ́wẹ́ náà fún dókítà. Ó gbójú sókè.

Ó ní ewé kan wà nílùú àwọn tó jẹ́ pé bí oje rẹ̀ bá kan ara, tí oòrùn sì bá a níbẹ̀, ara á dápàá. Kò dá òun lójú pé ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ní láti dán an wò. Kí n tó ronú, mo ti na apá mi méjèèjì. Ìyá mi máa ń sọ pé ara mi yá ju ọpọlọ mi lọ.

A ra ọsàn lẹ́nu géètì. A bẹ arúgbó náà títí kó tó fún un sọ́wọ́, kó sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di apá mi mú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọwọ́ náà tutù. Dókítà fi aṣọ dúdú wé apá òsì, ó ní n kò gbọdọ̀ tú u títí àmì yóò fi jáde, ó wá gbé apá ọ̀tún sábẹ́ iná. Nígbà tó pa iná, ara mi mọ́ kedere.

"Kò sí nǹkan kan," ni arúgbó náà wí, bí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi.

"Sai haƙuri," ni dókítà dáhùn. Ká ṣe sùúrù.

Ara kọ́kọ́ ń yún mi, ó sì ń ta mí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbéra, mo ń wẹ̀, mo wo apá mi, igbá sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ náà ti dé. Ó dì mí lápá mú tòun ti ìka rẹ̀ tó dá, bí ẹni pé inú ara mi ló ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Èmi tí mo mọ bó ṣe débẹ̀, mo ṣì kígbe. Mo tú aṣọ dúdú kúrò lápá òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo bá Yísá nílé wọn níbi tó ti ń fi okùn di àpótí arúgbó náà. Mo na apá méjèèjì sí i lójú.

"Yísá, ṣé èmi náà ni Ìyá wá bá lójú oorun?"

"Wallahi..." Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un: omi ọsàn àti ìmọ́lẹ̀, bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè ṣe é. Ìyá rìn wá, ó rọra gbé ọwọ́ lé àmì náà. Ó bá a mu pátápátá. Jìnnìjìnnì bò ó.

"Ọwọ́ mi mà ni."

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ ò jáde lọ síbì kankan."

Ràbíátù gbé ọmọ wá. Ìyá kò gbà á. Ó ní ká bu omi wá, ká mú ọṣẹ wá. Ó fọ ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá ọsàn ṣì wà níbẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́, títí Ràbíátù fi bú sẹ́kún, tó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ tòun ti ọṣẹ.