Bí Iná Bá Jó Ilé Yìí

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Bàrígà. Ìyá agbẹ̀bí tó ni ibẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ti kó àkọsílẹ̀ àwọn aláboyún sínú kọ̀ǹpútà pátá: irú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn tí ara wọn kọ̀. Wọ́n ti dáná sun àwọn káàdì àtijọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Mo ní ká jókòó, ká pinnu ohun tí a ó ṣe tí nǹkan bá ṣe kọ̀ǹpútà yìí. Mo ní bí iná bá jó ilé ńkọ́? Mọ́mì ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní kò ní jó lórúkọ Jésù. Bí olè bá gbé e ńkọ́? Wọ́n ní olè ò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí mo ní bí èmi fúnra mi bá kú, wọ́n fọwọ́ bò mí lẹ́nu, wọ́n ní kí n sọ pé mi ò ní kú. Mo sọ ọ́. Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Mo bá ń dá a ṣe. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń da àkọsílẹ̀ náà kọ sínú díìsìkì, bí ọkùnrin tó to kọ̀ǹpútà náà ṣe kọ́ wa, mo sì ń gbé e lọ sílé ní Ṣómólú. Síbẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Ní Sátidé kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan tó ní kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa, kó bá mi ṣí i. Àwòrán kékeré tí a máa ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà láti ṣí àkọsílẹ̀ náà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ obìnrin kankan.

Atẹ̀wé náà ní, "Òfìfo lẹ gbé wá o."

Mo sáré gba Bàrígà lọ, mo ń ṣépè nínú ọkàn mi fún ọkùnrin tó kọ́ wa. Mo bá Mọ́mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń rọbí, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n tètè wo kọ̀ǹpútà. Ó lọ́ra kó tó ṣí. Mo rí i níbẹ̀ pé ara obìnrin náà kọ oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn pátápátá. Mọ́mì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n fa òmíràn.

Nígbà tí ọmọ ti dé láyọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ díìsìkì fún wọn. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà náà títí, wọn ò gbàdúrà.

Wọ́n ní, "Bí iná bá jó ilé yìí ńkọ́?"

Mo wá bírò mi, ká lè kọ ohun tí a ó ṣe sílẹ̀.