Kókó Méje Lára Okùn Àwọ̀n

Mo rántí ìgbà tí sójà fi ìdí ìbọn gbá ọkọ mi láyà ní èbúté wa. Epo rọ̀bì ti bo omi, ẹja ń kú, àwọn ọkùnrin wa sì fi ọkọ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣẹ́ epo. Àwọn sójà ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ń fọ́ ọkọ̀, wọ́n ń fọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí pákó. Ọkọ mi ṣubú, ó di àyà mú, òógùn bò ó. Àbúrò rẹ̀ fa àdá yọ, ó ní ẹni tó gbá ẹ̀gbọ́n òun ò ní í délé.

Mo jágbe mọ́ ọn pé, “Gbé e sọ́kọ̀ ná! Ṣé òkú méjì lo fẹ́ kí n sin ni?”

Ó ju àdá sínú ọkọ̀, ó ń tukọ̀, ó ń ṣépè. Èmi ń tẹ àyà ọkọ mi bí ẹni ń po púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, títí a fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ará òkè ni nọ́ọ̀sì náà, kì í ṣe ọmọ etí omi bíi tiwa. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

“Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́! Bàbá, ṣé kí wọ́n tó gbá yín ni àyà ti ń dùn yín?”

Mo fẹ́ bú u. Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò wojú mi.

“Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá ń tukọ̀, á fún mi pinpin, á gba apá òsì lọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta! Ọ̀lẹ ni mo sì ń pè é. Lánàá ọjọ́ náà, igi tí mo fi ń yan ẹja ni mo fi nà án lẹ́yìn torí pé ó gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ sílẹ̀ láti sinmi. Èmi tí mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé mi.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn pé kó rún un lẹ́nu, ó ní ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ó sì fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. N ò mọ̀wé, mo bá ta kókó méje sí okùn àwọ̀n, mò ń tú ọ̀kan lójúmọ́. Ọjọ́ tí kókó tán, ọkọ mi ní ara òun ti yá, òun ò lọ mọ́. Mo gbé àjẹ̀ sókè.

“Wọ ọkọ̀, àbí kí n parí iṣẹ́ tí sójà bẹ̀rẹ̀!”

“Ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n fún níbọn,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì wọnú ọkọ̀.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé ọmọ ọmọ. Mo máa ń rò ó pé bí wọn ò bá gbá a, ì bá kú sójú omi láì sọ fún mi. Síbẹ̀, bí mo bá rí sójà yẹn lónìí, màá kọ́kọ́ la àjẹ̀ mọ́ ọn láyà kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.