Inú Àṣíborí Wal Tregenza

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni ohun tí o rà, Glenys Marchbank ni kí o gbé e lọ bá. Bí o kò bá fẹ́ mọ̀, yáa gba ọ̀nà ibòmíràn, nítorí obìnrin yìí kì í fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ irin ní ìlú Whyalla, ní Australia. Wọ́n á gbé irin wá síwájú rẹ̀, á ní ó dára tàbí kò dára, wọ́n á sì gbé e lọ. Irin kì í bínú. Èèyàn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bí nínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Adelaide kì í pè é ju ọjọ́ Kérésì lọ, láti ìgbà tí Glenys ti wo òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì sọ níwájú àwọn àna pé kì í ṣe góòlù. Òótọ́ ni. Kì í ṣe góòlù.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú kan náà ló gbé wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Ibodè Tarsk. Fíìmù mẹ́fà ni, nípa àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnubodè kan ní ìpẹ̀kun ojú ọ̀run, tí wọ́n ń retí ọ̀tá tí kò tètè dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Glenys nígbà tó wo èyí àkọ́kọ́, òun nìkan, lórí àga ìkẹyìn. Ó padà lọ wò ó nígbà mọ́kànlá. Ohun tó fà á mọ́ra kò ju pé àwọn tó wà lẹ́nu ibodè náà kò ní ẹlòmíràn ju ara wọn lọ, síbẹ̀ wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹgbẹ́ máa ń pàdé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, láago mẹ́wàá àárọ̀. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni wọ́n nígbà kan. Kálukú á gbé ohun tó kó jọ wá: ère kékeré tí wọn kò tíì yọ kúrò nínú páálí, àwòrán ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé sinimá láyé àtijọ́, bọ́tìnnì, ìbọ̀wọ́, idà onírọ́bà. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí. Trevor, tó jẹ́ alága wọn, ní báàjì kan tó ń fi yangàn. Ó ní kí Glenys wò ó. Glenys wò ó, ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ohun ìṣeré ni báàjì náà ti wá. Trevor kò wá mọ́. Àwọn kan bá a lọ, àwọn kan kú, àwọn kan kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí fi ṣẹlẹ̀, ó ku Glenys, ó ku Wal Tregenza.

Wal ti wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó òkúta irin fún ọdún gbọọrọ. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kì í sì í wá láìgbé kéèkì alágbọn dání.

"Ọ̀gá Àyẹ̀wò, ṣé o ti jí?"

"Aago mẹ́wàá ti lù, Wal. Ìgbà wo ni kí n tó jí?"

"Ojú rẹ ló jọ ti ẹni tí kò tíì jí. Gba kéèkì. Mo sì ti rò ó, aṣọ tí Haddik wọ̀ nínú fíìmù kejì, àwọ̀ ewé ni."

"Aró ni. Iná tí wọ́n tàn sí i ló jẹ́ kó dà bí ewé."

"Ìwọ lo bá wọn tan iná náà?"

"Mo ní fọ́tò."

"Fọ́tò ni wàá fi pa mí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é títí aago méjìlá á fi lù. Láàárín ìpàdé kan sí èkejì, ẹni tó ń bá Glenys sọ̀rọ̀ kò ju ọmọbìnrin tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó mọ̀ pé òun dá wà, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ lórí ìyẹn náà. Bí Wal bá lọ, ó tán.

Gbogbo oṣù ni Wal máa ń gbé àṣíborí rẹ̀ wá. Àwọ̀ eérú ni, ó ti ha díẹ̀ níwájú, ó sì máa ń wà lórí igi tí Wal gbẹ́ fún un fúnra rẹ̀. Bev, ìyàwó rẹ̀, ló rà á fún un nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní wọ́n dé e nínú fíìmù àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Bev ti kú nígbà tí mo ń wí yìí. Glenys kò yẹ àṣíborí náà wò rí. Òfin ẹgbẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yẹ ohun olóhun wò àfi bí olóhun bá ní kó yẹ̀ ẹ́, Glenys kì í sì í rú òfin. Ó máa ń wò ó láti òkèèrè bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò ìdílé lára ògiri.

Nígbà náà ni Kylie tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé wá sọ fún wọn pé àfihàn ńlá kan yóò wáyé nígbà òtútù. Tábìlì kan wà fún kìkì ohun tí wọ́n lò nínú fíìmù gan-an, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ẹgbẹ́, èyíinì ni Glenys, gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé ojúlówó ni. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti orúkọ ẹni tó rà á sí iwájú rẹ̀.

"Orúkọ Bev á wà níbẹ̀," Wal ní. Ó gbé àṣíborí náà kúrò lórí igi, ó gbé e síwájú Glenys. "Ó yá, Ọ̀gá. Yẹ̀ ẹ́ wò, kí o bá mi kọ lẹ́tà náà." Ó di ojú kan sí i, ó rẹ́rìn-ín. Glenys rò pé àwàdà rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó dojú àṣíborí dé, ó tan iná sí inú rẹ̀. Ó mú awò rẹ̀, ó tún wò ó, bóyá ojú òun ló ń ṣe òun. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Ó rántí Trevor. Ó mọ̀ pé ìlà mẹ́ta péré lórí bébà ni lẹ́tà náà, òun á fọwọ́ sí i, Wal á sì máa gbé kéèkì wá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tòun ni, òun á fẹ́ mọ̀. Ó dá a lójú pé gbogbo èèyàn á fẹ́ mọ̀.

"Wal, kì í ṣe ojúlówó."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Wal. "Ehn?"

"Fóòmù ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ òwú tó nípọn ni wọ́n fi tẹ́ inú ti fíìmù, wọ́n á sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ òṣèré sí i. Irú fóòmù yìí kò tíì sí nígbà yẹn. Wo ibí, wọ́n lẹ bébà kan síbí, ẹnì kan wá fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Wọ́n rẹ́ Bev jẹ ni. Ó dùn mí láti sọ ọ́."

"Èmi ni mo ha á," Wal ní.

Glenys bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe.

"Lọ́jọ́ ìbí mi yẹn," Wal ní, "bí mo ṣe tú u, mo yí i wò, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára bébà inú rẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Bev dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń wo ojú mi. Ọdún méjì ló fi tu owó náà jọ. Mo sáré dé e sórí kó má baà rí inú rẹ̀. Kò rí i títí ó fi kú."

"O mọ̀? Kí ló wá dé tí o fi ní kí n wò ó?"

Wal wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. "Ìwọ ò mọ̀?"

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀? O ò ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò rí. Òfin ẹgbẹ́..."

"Mo mọ òfin ẹgbẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án, Glen. Ìwọ tí o wo òrùka lẹ́ẹ̀kan tí o ní kì í ṣe góòlù. Mo rò pé o ti mọ̀ láti Sátidé àkọ́kọ́, pé nítorí Bev lo ṣe dákẹ́. Lọ́jọ́ tí a gbé e lé orí pósí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an lo dúró sí, o ò sọ nǹkan kan. Mo ní nínú ara mi pé Glen mọ̀ o, ó ń bá mi bò ó ni." Ó dìde. "Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi délé lọ́jọ́ náà."

Ó fọ ife tíì rẹ̀ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Ó gbé àṣíborí sínú àpò, ó fi kéèkì tó kù sílẹ̀ fún Glenys, ó sì lọ.

Sátidé oṣù tó tẹ̀ lé e, Glenys to àga méjì, ó bu tíì méjì, ó jókòó títí Kylie fi wá béèrè bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn. Àfihàn náà wáyé. Ó rìn yí ká gbogbo tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohunkóhun tó jẹ́ ti Wal níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá bi í léèrè nǹkan, ó ń dá wọn lóhùn, òótọ́ ló sì sọ fún gbogbo wọn. Nígbà tó délé, kò ráyè bọ́ bàtà kó tó gbé fóònù.

"Wal, Glenys ni."

"Mo mọ ohùn rẹ. Ṣé dáadáa ni?"

"Mo bu tíì sílẹ̀ dè ọ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò ní máa wá mọ́."

"Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o. Òótọ́ lo sọ, kí ni n ó máa bínú sí? Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé àwa méjì ni."

Ó dun Glenys dé inú egungun. Ó wá ohun tó lè sọ, kò rí òótọ́ kankan tó lè ṣe Wal láǹfààní.

"Mo mọ̀, Wal," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kàn ń dákẹ́ ni."

Glenys ń gbọ́ ìró tẹlifíṣọ̀n nínú ilé Wal.

"O ṣeun, Glen," Wal ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ gan-an. "O ò mọ irọ́ ọ́ pa."

Ó sì rọra gbé fóònù kalẹ̀.