Bùrọ̀dá Ṣọlá, Dókítà Tó Ní Ká Wọn Igbó Wò

Bùrọ̀dá mi, ó mà wá dìgbà o. Ojú mi ò gbà á, ọkàn mi ò sì tíì gbà á.

Ẹ̀yin Dókítà Olúṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gboyè ìṣègùn n'Ìbàdàn kí ẹ tó fà mí lọ́wọ́ wọ iṣẹ́ náà. Oníṣègùn tí í fa àga sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kó tó bèèrè ohunkóhun. Bí mo bá fi “bóyá” dá yín lóhùn, ẹ ó ní, “Bóyá kì í ṣe ìwọ̀n oògùn.”

Mo fẹ́ kí àwọn tó wá sìnkú yín gbọ́ òótọ́, nítorí àwọn kan nínú ìjọ wa nílùú òyìnbó níbí ń pè yín ní dókítà onígbó. Ẹ ò fa igbó rí. Màmá kan nínú ìjọ yìí ni jẹjẹrẹ ń bá jà. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń mú un bì, oúnjẹ ò dúró nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá igbó fún un, màmá mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ sì dúró. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi ká igbó mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ mú mi dání, ẹ wakọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù ní Upper Marlboro, ẹ lọ jẹ́rìí ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó fi í sílẹ̀. Bí a ti ń bọ̀, ẹ sọ fún mi pé, “Dàpọ̀, igbó kì í ṣe ànjọ̀nú, kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kó sọ ohun tó rí.”

Ọdún márùn-ún lẹ fi tọrọ àṣẹ láti ṣèwádìí rẹ̀ ní láàbù yín ní College Park. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ èkejì, èkejì ní kí ẹ kọ́kọ́ mú àṣẹ ti àkọ́kọ́ wá. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé oògùn ni, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ wá ẹ̀rí náà. Bí mo ti ń kọ èyí, inú ń bí mi.

Àwa dókítà náà ò gbè yín. Àwọn kan ní kí ìjọba dá a sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́, àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ní kí òfin máa ṣọ́ ọ bó ti ń ṣọ́ oògùn ìrora líle yòókù: kí dókítà kọ ọ́, kí apòògùn wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ gbà pẹ̀lú yín ní kọ̀rọ̀, wọn ò jẹ́ sọ ọ́ ní gbangba. Mo wà nínú wọn. Ẹ gbé lẹ́tà táwọn dókítà díẹ̀ fẹ́ fi bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣèwádìí igbó wá fún mi kí n fọwọ́ sí i. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó. Láísẹ́ǹsì ìṣègùn mi ni mo ń bẹ̀rù fún. Ẹ ò sì bá mi wí.

Jẹjẹrẹ wá dé bá ẹ̀yin náà. Nínú ilé yín ní Adelphi, mo rí i bí ẹ ti ń bì títí ó fi ku òróòro nìkan. Èmi tí mi ò lè fọwọ́ sí bébà ni mo wá ń sọ pé kí n lọ wá igbó díẹ̀ wá fún yín. Ẹ bi mí pé:

“Ṣé o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Èmi náà ò mọ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ni, ǹ bá mọ̀ bóyá kí n lò ó.” Ẹ wá fi kún un pé, “Fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, Dàpọ̀.”

Mo fọwọ́ sí i lójú yín. Ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹ dá a padà fún mi, ẹ ní kí n kọ nọ́ńbà láísẹ́ǹsì mi sábẹ́ orúkọ mi. Mo kọ ọ́. Ó ti pẹ́ jù fún yín, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀ lónìí.

Ẹ bá mi kí bàbá àti ìyá wa. Kò sí èébì mọ́, kò sí fọ́ọ̀mù àṣẹ mọ́. Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi.