Verna Kò Jẹ́ Kí Ẹgbẹ́ Tú

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí Verna Haby, ìlù rẹ̀ tó tóbi jù há sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ijó abúlé wa ní Texas. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ máa dúró bí ère ni, àbí ẹ máa bá mi tì í?" Mo bá a tì í.

Òun ló dá ẹgbẹ́ olórin Mesquite Gate sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Orin kọ́ńtírì, orin àwọn darandaran òyìnbó, ni wọ́n ń kọ, bí rọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ń lù ú. Akọrin àkọ́kọ́ lọ di oníwàásù. Onígìtá fẹ́yàwó, ìyàwó gbé e lọ sí ìlú Tulsa. Ẹni tó ń ta gòjé òyìnbó padà sídìí màlúù bàbá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti lọ, Verna á wá òmíràn.

Lọ́dún kan, gbogbo wọn lọ tán, àfi òun nìkan. Ó ṣa àwọn ọ̀dọ́ jọ. Hilda Kott, tó ni gbọ̀ngàn náà, kò fi ọ̀rọ̀ bò lálẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣeré: "Verna, bí ẹnikẹ́ni ò bá jó kí ẹ tó sinmi lálẹ́ òní, ẹgbẹ́ mìíràn ni màá pè." Kò sì sí gbọ̀ngàn mìíràn tó ń pè wọ́n mọ́.

Travis, onígìtá tuntun, fi orin tó gbóná jù bẹ̀rẹ̀. Ó dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó dìde.

"Àǹtí, ṣé wọ́n lẹ àwọn èèyàn yìí mọ́ àga ni?" Travis bi Verna.

Verna wo igun yàrá. Otto àti Alma Kneuper, tọkọtaya arúgbó, jókòó síbẹ̀, wọ́n di orúnkún mú. Lọ́dọ̀ wa, tọkọtaya tó dàgbà jù ló ń ṣí ijó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣíwájú wọn. Eré sísá sì ni orin Travis, orúnkún wọn ò lè gbé e.

"Háà, mo mà gbàgbé! Ẹ dá a dúró. Wáàsì la máa lù, orin ijó pẹ̀lẹ́ ti tọkọtaya."

"Wáàsì kẹ̀? Orin arúgbó?"

"Arúgbó ló ni ilẹ̀ ijó, ọmọ mi. Ta gìtá ẹ, jàre."

Wọ́n lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Otto dìde, ó tẹríba fún Alma. "Ìyàwó, ṣé orúnkún ẹ gbà?"

"Tìẹ ni kó o bi, bàbá!"

Wọ́n yí gbọ̀ngàn po lẹ́ẹ̀kan péré, ni ariwo àga bá sọ níbi gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń dìde. Nígbà tí Travis fi máa padà sí orin gbígbóná rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ sí mọ́. Àkókò ìsinmi kọjá. Hilda fúnra rẹ̀ wà lójú agbo, kò rántí pé ó yẹ kí wọ́n sinmi.

Travis ti lọ sí Nashville, ìlú àwọn olórin kọ́ńtírì, báyìí. Ọmọbìnrin kan láti ìlú San Saba ló gba ipò rẹ̀, Verna sì ń lu ìlù ní gbọ̀ngàn Hilda ní gbogbo Sátidé.