Alámì Dé Etí Òkun

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Bí àwọn tó ń tẹ ìwé bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, òun ni yóò mú bírò pupa, yóò sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Màmá Alámì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ó mọ̀ pé àwọn kan ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì bínú. Ohun tó ń bí i nínú ni kí ènìyàn tẹ "ma" kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ṣé má ni àbí máa?" ni yóò bi onítọ̀hún. "Ọ̀kan ní kí n ṣe é, ìkejì ní kí n má ṣe é! Ṣé ẹ fẹ́ fi ìwé yìí ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà ni?"

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má tíì káàánú rẹ̀ o.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Ìyẹn fẹ́ atukọ̀, ó sì bá a lọ sí etí òkun. Màmá Alámì kò fẹ́ ìgbéyàwó náà rárá. Ó ní gbogbo ara ọkùnrin yẹn ń run ẹja, ó ní ilé tí wọ́n gbé lé orí òpó nínú omi kì í ṣe ilé, àtíbàbà ni. Ogún ọdún gbáko ni àbúrò fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo òkun, ogún ọdún gbáko náà ni iṣẹ́ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n jà lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní láéláé òun kò ní tẹ ẹrẹ̀ ilé ọkùnrin yẹn. Àbúrò ní, "Ó dáa, ẹ jókòó sílé yín." Oṣù méjì kọjá, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ níbi iṣẹ́: "Egbon mi, ara mi o da. E ma wa." Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Bírò pupa wà lọ́wọ́ Màmá Alámì bó ṣe ń kà á. "Ẹ má wá" ni ó kà. Ó tún un kà, "Ẹ má wá" náà ni. Ó pòṣé. Ó ní, "Àgídí! Àìsàn pàápàá kò rí tirẹ̀ ṣe." Ó da ojú fóònù dé, ó padà sídìí ìwé tí wọ́n ń retí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kí ó tó da fóònù dé, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbọ́ ọ ketekete ní ohùn àbúrò rẹ̀: "Ẹ máa wá." Ó gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n pè é pé àbúrò rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti sin ín.

Ó sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú. Kò sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Bóyá ì bá gbé e mì bẹ́ẹ̀ ni, ká ní ọmọ àbúrò rẹ̀ kò pè é lẹ́yìn bí ọdún kan. Ọmọbìnrin náà ti tó ẹni ogún ọdún, ó sì fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mọ́mì ní kí n ránṣẹ́ pè yín. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́jọ́ náà, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lọ. Mo mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ yín, torí ẹ ò lè rí i kẹ́ ẹ má wá. Ó yẹ kí n pè yín. Èmi ni mo fa gbogbo ẹ̀."

Ohun tó jáde lẹ́nu Màmá Alámì ni, "Ó ti tán, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ẹ́."

Ẹ gbọ́ kẹ̀! Ó dárí jì í! Ọ̀daràn jókòó, ó ń ṣàánú aláìṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Bó bá rí "ma" nínú ìwé, á fò ó kọjá láì fi àmì sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó gba ìsinmi, ó di àpò, ó kọrí sí etí òkun. Ó ní ojú kojú lòun máa sọ ọ́.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀ ní èbúté. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n wa" bí ẹni pé wọn kò bú òun rí. Ilé tí Màmá Alámì pè ní àtíbàbà le koko lórí òpó rẹ̀, pákó ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí omi, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ìyàwó mi ló rà á dè yín. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹ̀." Màmá Alámì jókòó. Ọ̀rá náà ń pariwo lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá mí.

Ọjọ́ kìíní kọjá, kò sọ ọ́. Ọjọ́ kejì, ó ń wo àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí wọ́n fi ìka ẹsẹ̀ di etí àwọ̀n mú tí wọ́n ń ran án. Ó gbọ́ pé wọn kì í fi aago dá ìgbà níbẹ̀, omi òkun tó ń kún tó sì ń fà ni wọ́n fi ń dá a: "Ẹ wá bí omi bá ti wọlé," tàbí, "Omi á ti jáde ká tó jẹun." Gbogbo rẹ̀ ló wù ú, bó ṣe ń wù ú náà ló ń dùn ún. Ta ló dí i lọ́wọ́ láti ogún ọdún? Ọjọ́ kẹta kọjá, kò sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọ àbúrò rẹ̀ ní kó wá wọ ọkọ̀ òun. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó máa ń fi ọkọ̀ kékeré mú àwọn àlejò káàkiri ojú omi. Wọ́n gba àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn yọ sókè nínú omi bí ẹsẹ̀ ẹni tó ká ṣòkòtò sókè. Ẹja kéékèèké kan ń fi àyà fò lórí ẹrẹ̀. Akàn pọ̀ létí omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá ńlá kan àti apá kékeré kan, wọ́n sì ń ju èyí tó tóbi sókè sódò.

"Ẹ wò wọ́n," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì máa ń sọ pé àlejò ni wọ́n ń pè."

Màmá Alámì gbójú kúrò lára akàn.

Wọ́n wá dé ibi tí ọ̀sà ti ń wọ inú òkun. Omi ọ̀sà dúdú, ti òkun ń tàn yanran, wọ́n sì pààlà gbọọrọ. Ọmọ náà dáwọ́ dúró, ó gbé àjẹ̀ lé orí orúnkún. "Ibí ni Mọ́mì fẹ́ kọ́kọ́ mú yín wá. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ó dé," ni Màmá Alámì wí.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Ó dé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kà á sí 'ẹ má wá'."

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mi ò fi àmì sí i! Ẹ wò ó, èmi náà ni mo..."

Ọ̀nà àbáyọ ṣí gbayawu níwájú Màmá Alámì. Ì bá mi orí lásán, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí.

"Dákẹ́," ni ó wí. "Àmì ni iṣẹ́ mi. Mo mọ ohun tí ìyá rẹ ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ wá ni."

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí fúnra rẹ̀. Màmá Alámì ń retí èébú, ó ti fẹ́ ẹ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mí kanlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́yìn omijé.

"Ó dé," ni ó ń wí. "Ah, Màmá, ó dé! Ẹ ṣé. Àràárọ̀ ni Mọ́mì ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ òun dé ọ̀dọ̀ yín. Àràárọ̀ ni mò ń sọ pé ó dé. Gbogbo ọdún yìí ni mo rò pé mo purọ́ fún wọn títí tí wọ́n fi kú."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀, ní àràárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àbúrò Màmá Alámì mọ̀ pé iṣẹ́ òun dé, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò wá.

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú àjẹ̀. "Ẹ di etí ọkọ̀ mú dáadáa, Màmá," ni ó wí. "Omi ti ń wọlé."