Aṣọ tí Màámi Yóò Dá Wọ̀

Kò sí ẹni tó ń pe télọ̀ yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Fọ́tò-Dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ̀bi rẹ̀ náà sì ni. Bí oníbàárà bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kí i tán, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Fọ́tò dà?" Bí wọ́n bá ti na fóònù sí i, tí wọ́n fi aṣọ tó wù wọ́n lára ẹlòmíì hàn án, ó parí nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ló ti ń wo àwòrán ránṣọ. Ó mọṣẹ́ dunjú, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó rán ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán rí, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Bẹ́ẹ̀ ló sì wà jẹ́jẹ́ títí ìyá rẹ̀ fi di oníbàárà rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màámi. Oṣù méje sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu padà pátápátá (ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́), ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò gbéra mọ́. Obìnrin tí àwọn tíṣà kékeré máa ń sáré wo ara wọn nínú dígí kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, òun ló wá di ẹni tó ń gbé inú gáùn àwọ̀sùn kan tó ti ṣá, nítorí pé ọrùn gáùn náà ti fẹ̀ débi pé ọwọ́ òsì nìkan lè fà á wọ̀. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọṣọ. "Ọmọ mẹ́ta ni mo wọṣọ fún," ó máa ń wí. "Ìkankan nínú wọn ò ní wọṣọ fún mi."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì tó ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fáwọn aláìsàn ní ọsibítù ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, Màámi kò lọ. Kò lè wọ gáùn àwọ̀sùn jáde, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n wọ òmíràn fún òun. Nọ́ọ̀sì wá là á mọ́lẹ̀ lórí fóònù pé bí kò bá dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíì làwọn máa fún láyè rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá sì jókòó bẹ́ẹ̀, òun náà máa gan bí ọwọ́ ṣe gan. Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ yóò wá di ẹni tí wọ́n ń gbé.

"Rán aṣọ tí mo lè dá wọ̀ fún mi," Màámi sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kó má sì jọ aṣọ aláìsàn. Tí o bá ti rán an, mo ṣe tán láti lọ."

"Màámi, irú èwo lẹ fẹ́?"

"Ṣé èmi ni télọ̀ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ẹ wo iye ọjọ́ tó kù.

Fọ́tò-Dà bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò. Kí ni kò wò tán? Ó yẹ inú fóònù wò títí bátìrì fi kú. Ó tú gbogbo ìwé sítáì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, títí kan èyí tí eku ti jẹ létí. Ó wọ ilé ìtajà aṣọ ńlá, ó ń yí àwọn ère tí wọ́n wọṣọ sí lára po, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó ń wo abẹ́ apá wọn, títí ẹ̀ṣọ́ fi wá bi í pé kí ló sọnù. Ẹnìkan ní inú iṣẹ́ àwọn ayàwòrán làwọn tó ń dá sítáì sílẹ̀ ti máa ń rí ọgbọ́n kọ́, ló bá tún lọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ àwòrán sí. Ó dúró níwájú obìnrin kan tí wọ́n kùn, tí aṣọ ara rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí èéfín. Ó wò ó, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. "Ó dára o," ó sọ fún ọmọ tó yà á. "Ṣùgbọ́n níbo ni síìpù rẹ̀ wà?"

Gbogbo aṣọ ayé pátá, ẹni tó ní ọwọ́ méjì ni wọ́n rán wọn fún. Síìpù wà lẹ́yìn, okùn wà lẹ́yìn, bọ́tìnì wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ tò sí iwájú. Lọ́dún méjìlélógún, kò kíyè sí i rí!

Nígbà tó fi di Ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ká a padà. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan ní òdìkejì, ó tú u, ó tún rán an ní òdìkejì. Bàbá Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀.

"Fọ́tò-Dà, ìdí rẹ ò gbé àga lónìí. Ṣé èmi ni mi ò kàn án dáadáa ni?"

Ló bá tú gbogbo ẹjọ́ fún un. Bàbá náà fi ọwọ́ nu lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lápá. "Èmi ò kí ń wo àwòrán àga," ó ní. "Orúnkún ẹni tó fẹ́ jókòó ni mo máa ń wò."

"Màámi ò jẹ́ kí n wo àwọn, Bàbá."

"Wo tìẹ nígbà náà."

Ó mú àjákù aṣọ kan nílẹ̀, ó sì so apá ọ̀tún Fọ́tò-Dà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọn-in gbọn-in. Ẹ wá wo eré! Télọ̀ kò lè ṣí ìdérí omi, kò lè fa síìpù pọ́ọ̀sì, owú gan-an kò ṣeé já. Àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń là. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tú ọwọ́, ó ti gé aṣọ tuntun: ọrùn fẹ̀, apá fẹ̀, kò sí bọ́tìnì kankan. Ó tún so ọwọ́ padà, ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Wéré ló wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màámi gba aṣọ náà, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ jù. Ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, gáùn àwọ̀sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, aṣọ tuntun wà lọ́wọ́ òsì, ó ti ya lábẹ́ apá.

"Ta lo rán èyí fún?"

"Màámi, mo so ọwọ́ mi mọ́ra, mo sì wọ̀ ọ́..."

"O so ọwọ́. Ṣé o so èjìká? Ọwọ́ tí wọ́n so ṣì ń ran ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Tèmi yìí, ẹrù ni."

Ojú ti Fọ́tò-Dà, inú sì bí i. Ohun tí kò ṣe rí láti kékeré, ó ṣe é: ó pariwo mọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ ò jẹ́ kí n wò yín! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Màámi padà sí yàrá. Nígbà tó kù lọ́jọ́ náà, adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Fọ́tò-Dà ń rìn láti ilé ìdáná dé pálọ̀, kò mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó fẹ́ tún pariwo. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé ó ti ń rí ìyá rẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, Màámi pè é. "Wọlé. Tilẹ̀kùn. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má fọwọ́ kàn mí, má sọ̀rọ̀, má sì sunkún."

Ó bọ́ gáùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì mú òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Fọ́tò-Dà sunkún, kò kúkú lè ṣe é kó má sun ún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó rí i pé Màámi kò dúró wọṣọ. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi eyín di ọrùn rẹ̀ mú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sínú apá aṣọ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ibi tí aṣọ ti gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn kọjá ni ọwọ́ òsì kò dé. Níbẹ̀ ni Màámi ti dùbúlẹ̀, tó ń yí ẹ̀yìn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tí bẹ́ẹ̀dì ń bá a fa aṣọ náà sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kejì. Ẹni tó ń wo àwòrán ẹni tó dúró ṣánṣán ránṣọ láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rò ó rí pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ wọṣọ.

Ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà yí ìyá rẹ̀ ká lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Bẹ́ẹ̀dì mi lo ń kọ nǹkan sí?"

"Ẹ má mira, Mà."

"Èmi lò ń pàṣẹ fún?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Màámi kò mira.

Aṣọ aláwọ̀ aró ló gé. Iwájú rẹ̀ là láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún náà là gbọọrọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ẹ ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó jókòó lé e, ẹ ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ ó wá fà á bo ara yín. Bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ pa ló fi sí i, ńláńlá, ibi tí egungun wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì fi wọ́n sí, eegun ọrùn, eegun apá àti eegun ìbàdí, torí pé ikùn rọ̀ jù, bọ́tìnì tí ọwọ́ kan bá tẹ̀ sórí ikùn kò ní pa.

Lọ́jọ́bọ̀, Màámi tún ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Takisí ti dé, awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò-Dà ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí oògùn, ó tún un kà, kò mọ ohun tó kà. Nǹkan jábọ́ nínú yàrá, gbì! Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn.

"Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mi ò lọ mọ́."

Ó yọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Awakọ̀ tún fun fèrè.

Nígbà tó yá, Màámi jáde. Aṣọ náà wọ̀ ọ́, ó gún régé lára rẹ̀, ó jọ ọ̀gá ilé ìwé. Àfi pé etí aṣọ kan gùn ju èkejì lọ, nítorí ó ti fo bọ́tìnì kan níbi ìbàdí. Ọwọ́ Fọ́tò-Dà ti nà síbẹ̀ kó tó mọ̀. Màámi wo ọwọ́ náà.

"Kí ló dé? Ṣé ìhòhò mi hàn ni?"

"Rárá o, Mà. Bọ́tìnì kan lẹ fò."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀."

Fọ́tò-Dà ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò jẹ́ kí aṣọ tí etí rẹ̀ kò dọ́gba jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìta fún ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kó síwájú.